Ọ̀gá Tó Gé Ẹnu Kànga Kúrú

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbì kan, àmọ́ kì í jẹ́ ẹ mọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í ṣe ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ ní àfonífojì odò náà, Baba Ìsun ló ní kí wọ́n máa pe òun. Ó ní gbogbo ìsun omi tó wà nínú àfonífojì, ọmọ òun ni wọ́n. Àwọn ìsun kò fèsì, ó sì ka ìdákẹ́jẹ́ wọn sí ìdúpẹ́.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni iléeṣẹ́ yìí ń ṣe. Láti ẹsẹ̀ òkè títí dé etí odò ni wọ́n gbẹ́ àwọn kànga tóóró kan sí, tí ẹnikẹ́ni kì í pọnmi nínú wọn. Páìpù irin ni ẹnu wọn, ó yọ sókè tó ìbàdí àgbàlagbà. Lóṣooṣù, àwọn òṣìṣẹ́ á ju téèpù sínú páìpù, wọn á wo bó ṣe jìn tó láti ẹnu páìpù dé ojú omi. Bó bá jìn ju ti oṣù tó kọjá lọ, omi ti lọ sílẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá jìn tó bẹ́ẹ̀, omi ti gòkè. Iṣẹ́ tí kò lariwo ni, iṣẹ́ onísùúrù, torí omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sáré. Ọ̀pọ̀ ọdún lèèyàn fi ń mọ ibi tó ń lọ. Ibi tó sì ń lọ, láti ìgbà tí Baba Ìsun ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni. Àwọn oko ńláńlá tó wà lápá òkè àfonífojì ń fa omi ju èyí tí òjò ń dá padà lọ, omi náà sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń bọ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Yàrá iṣẹ́ ọ̀gá wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó gbòòrò débi pé ẹni tó bá wọlé á ti gbàgbé ohun tó wá sọ kó tó dé ìdí tábìlì. Àga tirẹ̀ ga. Ti àlejò náà ga tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọ̀sẹ̀ tó débẹ̀ ló ránṣẹ́ pe káfíńtà pé kó gé ẹsẹ̀ wọn kúrú, kí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síwájú òun lè máa wòkè. Nígbà tí káfíńtà ṣe tán, Baba Ìsun jókòó, ó wo yàrá yíká, inú rẹ̀ dùn. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó rọrùn báyìí láti ga.

Akọ̀wé rẹ̀, tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-Sà, ló ń bójú tó ìkíni àárọ̀. Bí mọ́tò ọ̀gá bá ti yọ ní géètì, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, akọ̀wé á gbóhùn sókè: "Baba Ìsun, Olùṣọ́ Ìjìnlẹ̀, Ọ̀gá tí omi ń gbọ́ tirẹ̀." Àwọn yòókù á dáhùn pé, "Omi ń gbọ́." Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá rẹlẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sórí òkè láti lọ máa wọn òjò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í dáhùn sókè tí wọn ò sì lè gbé lọ, torí láìsí i, iṣẹ́ ò ní lọ. Obìnrin kan ni, ọ̀mọ̀wé tó kàwé jinlẹ̀ lórí omi abẹ́ ilẹ̀, òun ló sì ń darí àwọn tó ń wọn kànga. Obìnrin Onítéèpù ni wọ́n ń pè é, nítorí téèpù kì í kúrò nínú àpò rẹ̀. Lóṣooṣù ló máa ń gòkè wá, á jókòó sórí àga kúkurú, á sì ròyìn pé omi tún ti lọ sílẹ̀.

"Lábẹ́ ta ni?" Baba Ìsun bi í lọ́jọ́ kan.

"Lábẹ́ ilẹ̀ ni, sà."

"Lábẹ́ àkóso ta ni mò ń wí."

Obìnrin náà ní lábẹ́ àkóso yín ni, sà, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀bi yín. Tẹ́ ẹ bá lè bá àwọn olóko ńlá sọ̀rọ̀ kí wọ́n dín omi tí wọ́n ń fà kù, àdúgbò ìsàlẹ̀ ìlú ò ní gbẹ. Baba Ìsun kò gbọ́ kọjá ìdajì àkọ́kọ́. Ohun tó wọ̀ ọ́ létí ni pé nǹkan kan ń lọ sílẹ̀ lábẹ́ òun, àti pé ẹnì kan ń sọ ọ́ sókè, tí ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni àṣẹ jáde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ gbólóhùn náà "lọ sílẹ̀" mọ́ nínú iléeṣẹ́. Omi kì í lọ sílẹ̀. Omi ń sinmi ni. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Àṣẹ náà mú ìṣòro díẹ̀ wá, torí òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní láti wí pé òun ń lọ sinmi. Kò sì pẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń lọ sinmi lóòótọ́.

Ìwé ìròyìn ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Oníròyìn kan ya ìlà omi àfonífojì náà, bó ṣe rí láti ọdún pípẹ́ wá: ó bẹ̀rẹ̀ lókè lápá òsì, ó dagun lọ sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ibi tí ìlà náà parí sí, níkangun ìsàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni wọ́n fi fọ́tò Baba Ìsun sí. Ó wá dà bí ẹni pé láti òkè ló ti yọ̀ ṣubú, tó fìdí jókòó síbẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá wa kò lè jẹun. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ omi ló ń dùn ún. Àwọn tí wọ́n jọ kàwé ló ń rò, bí wọ́n á ṣe na ìwé ìròyìn síra wọn, tí wọ́n á máa fi ìka tọ ìlà náà láti òkè wá, títí ìka wọn á fi kàn án lórí. Ó jókòó sórí àga gíga rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ibi tó ti ń wo ilẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bá ẹsẹ̀ àwọn àga àlejò.

Ọgbọ́n rere a máa pẹ́ kó tó dé. Irú èyí kì í pẹ́. Ó dìde, ó tún jókòó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pe Bẹ́ẹ̀-ni-Sà pé kó lọ wá jórinjórin. Kí jórinjórin náà lọ yí gbogbo kànga àyẹ̀wò ká, kó gé ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan kúrò ní ìwọ̀n gígùn apá èèyàn. Bí ẹnu kànga bá sún mọ́ omi, ó ní, omi ti sún mọ́ ẹnu kànga nìyẹn. Kí ló tún kù? Bẹ́ẹ̀-ni-Sà kò mọ ohun tó kù. Ó pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí Obìnrin Onítéèpù gbọ́, ó sáré gòkè wá, kò dúró jókòó.

"Sà," ó ní, "bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ mi ní orúnkún, ṣé ilẹ̀ ló gòkè wá bá mi?"

Baba Ìsun wò ó bí ẹni tó ń wo ẹ̀gbin lára aṣọ funfun. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí i pé iṣẹ́ ìwọ̀n ti sú u. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gbé obìnrin náà lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí lẹ́yìn ọgbà, láti máa ṣọ́ àwọn dúrọ́ọ̀mù òfìfo. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí i pé iṣẹ́ lè lọ láìsí i.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìyanu ńlá ṣẹlẹ̀. Omi gòkè. Ó gòkè lẹ́sẹ̀ òkè, ó gòkè létí odò, ó gòkè ní ìwọ̀n kan náà níbi gbogbo, bí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ní kó dìde lẹ́ẹ̀kan. Baba Ìsun pe àwọn oníròyìn àti àwọn ènìyàn ńlá ìlú sínú gbọ̀ngàn, ó wọ kóòtù tuntun, ó sì sọ̀rọ̀ títí àwọn tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn fi sùn, tí wọ́n jí, tí wọ́n tún sùn.

"Àwọn tó jókòó lórí àga yìí ṣáájú mi," ó ní, "wọ́n ń wọn omi ni. Ẹni tó ń wọn nǹkan, ó ń bẹ̀rù rẹ̀ ni. Èmi kò bẹ̀rù omi. Mo dúró létí kànga, mo pè é bí baba ṣe ń pe ọmọ. Mo ní, Omi, má ṣe sùn mọ́, àwọn èèyàn rẹ ń dúró dè ọ́. Ó dáhùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ téèpù."

Ìwé ìròyìn tún ya ìlà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fò sókè níparí bí tata. Baba Ìsun fúnra rẹ̀ ló mú fọ́tò lọ fún wọn, ó sì tọ́ka sí ibi tí wọ́n máa fi í sí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti ọ̀gá wa kò dúró de òtítọ́. Àwọn tó gbà á gbọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é ní jàǹbá.

Ìjọba ń kọ́ ilé ẹjọ́ ńlá kan lọ́wọ́ ní àdúgbò ìsàlẹ̀ ìlú nígbà náà, ilé tó ní yàrá lókè tó sì ní yàrá lábẹ́ ilẹ̀. Bí ìròyìn ti dé olú-iléeṣẹ́ ìjọba pé omi ti gòkè ní ìwọ̀n gígùn apá èèyàn láàárín oṣù kan, ara ta àwọn ẹnjiníà. Bó bá ń bá a lọ báyìí, kí wọ́n tó kan òrùlé, ẹja á ti máa wẹ̀ nínú yàrá ìsàlẹ̀. Wọ́n rán ẹnjiníà kan wá. Ó bá Baba Ìsun bọ ọwọ́, ó kí i kú iṣẹ́ ribiribi, ó sì sọ fún un pé kó gbé pọ́ǹpù ńláńlá sí àdúgbò náà, kí wọ́n máa fa omi abẹ́ ilẹ̀ dà sínú odò, títí omi á fi padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Baba Ìsun ní á dára kí òun ronú sí i di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì náà ni Obìnrin Onítéèpù ti ìdí dúrọ́ọ̀mù wá, pẹ̀lú eruku lórí.

"Sà, omi ò gòkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn."

"Kí n sọ kí ni?"

"Ẹ sọ pé àṣìṣe wọ̀ ọ́. Mo tiẹ̀ lè sọ pé èmi ni mo ṣe é, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́. Bí wọ́n bá fa omi tó kù yẹn, àdúgbò ìsàlẹ̀ á gbẹ ráúráú."

Ẹ jẹ́ ká fún ọkùnrin yìí ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: ó fẹ́ẹ̀ gbà. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti kan fóònù. Àmọ́ ó rí ojú ẹnjiníà níwájú ara rẹ̀, ojú tó kún fún ọ̀wọ̀ lánàá, bó ṣe máa yí padà. Ó rí ìlà yẹn tó tún ń yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, tí òun wà lẹ́nu rẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ léèrè èwo ló sàn, kí kànga gbẹ ni, àbí kí òun tẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá a bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ ti mọ èyí tó mú. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù, ó sì ní kí obìnrin náà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Wọ́n fi ayẹyẹ tan àwọn pọ́ǹpù náà. Baba Ìsun tẹ bọ́tìnnì, omi tútù mímọ́ tú jáde, ó ń ya lọ sínú odò. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà gbóhùn sókè pé ọ̀gá tó ní kí omi dìde náà ló tún ń sọ fún un pé kó jókòó. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin àdúgbò kan dúró lẹ́yìn odi, wọ́n ń wo omi náà bó ṣe ń lọ, wọn ò pàtẹ́wọ́.

Òjò kan kò tíì rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tí kànga àdúgbò ìsàlẹ̀ fi ń pọ ẹrọ̀fọ̀. Àdúgbò yẹn ni ẹ̀gbọ́n Baba Ìsun obìnrin ń gbé. Alágbàfọ̀ ni. Òun ló tọ́ ọ̀gá wa dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, aṣọ aláṣọ tó fọ̀ létí kànga ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló sì fi rán an nílé ìwé títí ó fi di ẹni tí à ń kí lórí àtẹ̀gùn. Kì í wá sí ọ́fíìsì àbúrò rẹ̀. Lọ́jọ́ tó wá yìí, ó gbé abọ́ kan dání, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì dídán náà. Ẹrẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

"Ohun tó kù nínú kànga mi nìyí," ó ní.

Àbúrò rẹ̀ fi ẹ̀sọ̀ ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, omi ń pọ̀ sí i. Ó wà nínú ìwé ìròyìn."

"Ṣé ìwé ìròyìn ni kí n máa fi fọ aṣọ?"

Baba Ìsun gbá kóòtù rẹ̀ mọ́ra, ó dìde, ó kọjú sí fèrèsé. Ó ní kò sí ìlú kan tó tẹ̀ síwájú láìjẹ́ pé àwọn kan fara da nǹkan. Ó ní ìtàn kò ní gbàgbé àwọn tó bá fara dà á. Ó ti ń gbé ọwọ́ sókè fún gbólóhùn kẹta kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dá a dúró.

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìlú."

Ọ̀rọ̀ náà bà á níbì kan, níbi tí kóòtù ò dé. Ó yíjú padà, ó rí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ọṣẹ ti sọ ọ́ di funfun láti ọdún wọ̀nyí, tó sì ti wá gbẹ báyìí, tó ń sán. Bóyá ì bá sọ nǹkan. Àmọ́ Bẹ́ẹ̀-ni-Sà yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn pé àwọn àlejò ti dé láti wá kí Baba Ìsun kú oríire, ọ̀gá wa sì ní kí awakọ̀ gbé ẹ̀gbọ́n òun lọ sílé. Obìnrin náà kọ mọ́tò. Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ.

Ilẹ̀ àdúgbò ìsàlẹ̀, ilẹ̀ amọ̀ ni. Ilẹ̀ amọ̀ tó ti mu omi láti ìgbà láéláé, bí wọ́n bá gba omi náà lẹ́nu rẹ̀ lójijì, á sún kì bí búrẹ́dì tí èèyàn jókòó lé. Àwọn pọ́ǹpù kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, wọ́n ń pọ afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ni ògiri ilé ẹjọ́ tuntun, èyí tí gbogbo wàhálà yìí wà fún, ya láti ìpìlẹ̀ dé òkè, tí èèyàn lè ki apá bọ̀ ọ́. Àwọn bíríkìlà rí i láàárọ̀, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n sì lọ. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, ohun kan ṣoṣo tí ọ̀gá wa lè dúpẹ́ fún nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn.

Olú-iléeṣẹ́ gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta dìde. Adájọ́ obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì ló jẹ́ alága wọn, Ìyá Adájọ́ ni wọ́n ń pè é, arúgbó kékeré tí ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Wọ́n kọ́kọ́ lọ wo àwọn kànga. Kò gba ìmọ̀ kankan láti rí ohun tó ṣẹlẹ̀: páìpù tó yẹ kó dé ìbàdí, orúnkún ló dé, ojú ibi tí wọ́n gé sì ṣì ń dán. Wọ́n pe jórinjórin. Ó ní ọ́fíìsì ló gbé iṣẹ́ fún òun, akọ̀wé ló jíṣẹ́, òun ò mọ ẹni tó rán akọ̀wé.

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà wá bọ́ sí iwájú. Ẹ̀rù ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí òun náà ló ń bà á, ó sì ti ronú jinlẹ̀ nílé. Ó ní Obìnrin Onítéèpù ló rán òun. Ó ní ọ̀gá òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀gá òun kì í ṣe ẹni tó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹnu kànga àti ẹnu ìgò. Obìnrin Onítéèpù ní irọ́ ni, òun ló tako iṣẹ́ náà, ìyẹn ló gbé òun dé ìdí dúrọ́ọ̀mù. Àmọ́ kò sí ẹlẹ́rìí. Gbogbo òṣìṣẹ́ ń wo ilẹ̀.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rọrùn tó fún Baba Ìsun. Kò ní láti purọ́ kankan. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju kó jókòó, kó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ìyá Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó yíjú sí i pẹ̀lú àánú.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ó ti hàn sí wa pé ẹ ò mọ nǹkan kan. Ẹni tó ro èyí, ọlọ́pọlọ ni, bó ti wù kí iṣẹ́ náà burú tó. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn omi, ó sì mọ ibi tí wọn ò ní wò. Ẹ̀yin, ẹ kàn jókòó sórí àga ni. A ó ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ sílé jẹ́ẹ́jẹ́."

Ẹlòmíràn ì bá dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Ọ̀gá wa jókòó, òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ọlọ́pọlọ. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń lọ bá ẹlòmíràn. Ó wò, ó rí i pé àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ méjèèjì yòókù ti kọjú sí Obìnrin Onítéèpù, wọ́n ń wò ó tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù, àní ọ̀kan nínú wọn ń mi orí bí ẹni tó rí ọwọ́ àgbà nínú iṣẹ́. Lójú òun Baba Ìsun. Nínú ọgbà òun. Ó fara dà á fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí a bá ní ká ṣòótọ́. Lẹ́yìn náà, ó dìde.

"Ta ni kò mọ nǹkan kan?" ó ní. "Èmi ni mo rò ó. Èmi nìkan. Obìnrin yìí ní kò ṣeé ṣe, mo sì ṣe é. Akọ̀wé yìí ló jíṣẹ́, títí di òní kò yé e. Mo jókòó nínú yàrá mi, mo wo ẹsẹ̀ àga tí mo ní kí wọ́n gé, mo ní bí àga bá lè kúrú, kí ló dé tí kànga ò ní kúrú? Ṣé ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló ń ronú báyẹn?"

Ó sọ ọ́ dé orí ó sọ ọ́ dé ìdí. Ó sọ bí ẹnjiníà ṣe wá, bí òun ṣe mọ̀ pé omi ò gòkè tí òun sì tan pọ́ǹpù náà láìṣẹ́jú. Ó ní kí wọ́n bá òun wá téèpù kí òun lè fi hàn wọ́n. Ìyá Adájọ́ kò dá a lẹ́nu rárá. Lẹ́ẹ̀kan péré ló fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa rọra sọ ọ́, kí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lè bá a. Nígbà tó parí, ó wò yíká yàrá, ó ń retí. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà, nítorí àṣà, ti pàtẹ́wọ́ díẹ̀ kó tó rántí ibi tó wà.

Wọ́n gba àga, wọ́n gba mọ́tò, wọ́n gba ilé ìjọba. Wọ́n gba orúkọ náà pẹ̀lú, torí kò sẹ́ni tó pè é ní Baba Ìsun mọ́ àfi nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà wà lórí òkè, níbi tó ti ń wọn òjò. Obìnrin Onítéèpù ni wọ́n gbé sórí àga. Ó pa àwọn pọ́ǹpù, ó ní kí wọ́n jó ẹnu páìpù padà, ó bá àwọn olóko ńlá jà títí wọ́n fi dín omi tí wọ́n ń fà kù. Lẹ́yìn náà, ó pe àdúgbò ìsàlẹ̀ jọ, ó sì sọ fún wọn láìfi epo bọ iyọ̀ pé omi ti lọ sílẹ̀, pé amọ̀ tó ti sún kì kò ní wú mọ́, pé bí òjò bá ṣe dáadáa, bóyá àwọn ọmọ wọn á tún pọnmi níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àmọ́ wọ́n dúró gbọ́ ọ tán.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọkùnrin wa kó lọ, torí kò síbòmíràn. Ó bá a lẹ́yìnkùlé, aṣọ aláṣọ wà ní òkìtì láìfọ̀, obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò dé, ó ń mí hẹlẹ. Kò ní kó má wọlé. Ó ní kó gbé àpótí rẹ̀ sínú yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tó jáde padà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó títí.

"Wọ́n ní wọ́n ti fẹ́ fi ẹ́ sílẹ̀ kó o máa lọ," ó ní. "Kí ló dé tó ò fi dákẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní mi ò mọ nǹkan kan."

Obìnrin náà ti tọ́ ọ láti kékeré, ó sì rí i pé ọkàn rẹ̀ ló fi sọ ọ́, pé títí dìsinsìnyí, ìyẹn ló ń dùn ún jù. Kò bú u. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì tó ṣófo, ó fi wọ́n lé e lọ́wọ́.

"Odò ò jìnnà," ó ní. "Bó o bá débẹ̀, pọnmi. Má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."